Kókó Tí Kò Sí Nínú Ẹ̀jẹ̀: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan Láti Rẹ́mọ

Àwòrán méjì ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Jámánì, níbi tí àwọn onímọ̀ kan ti ń fi maikirosíkóòpù pàtàkì ya sláìdì fún wọn, ni wọ́n ti wá, wọ́n sì balẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà yàrá ìwádìí kan ní Rẹ́mọ, níbi tí ọ̀dọ́mọbìnrin kan ti ń ṣe iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé lórí sẹ́ẹ̀lì pupa àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Àwòrán èkíní jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ AA: àwọ̀n kan tó tẹ́ rẹrẹ lábẹ́ awọ sẹ́ẹ̀lì. Èkejì jẹ́ ti SS: àwọ̀n kan náà ni, ṣùgbọ́n ó ta kókó káàkiri, kókó ńlá tó ń tàn yòò, bí ẹni pé púrótéènì tó yẹ kó tẹ́ ti wọ́ jọ sójú kan. Ta ni yóò rí irú èyí tí inú rẹ̀ kò ní dùn? Ọmọ náà ti kọ àkópọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ fún ìpàdé àwọn onímọ̀, ó ku kó fi ránṣẹ́.

Ọ̀gá rẹ̀ ló dá a dúró. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni màmá náà bi í: "Ọjọ́ wo lo fi aró kun ti AA, ọjọ́ wo lo fi kun ti SS?"

Ó dáhùn pé, "Ẹ mà bínú o, mà, ọjọ́ kílíníìkì ni mo máa ń rí ẹ̀jẹ̀ SS gbà. Àwọn AA, àwa tí a wà ní lábù náà ni. Ọjọ́ wọn ò papọ̀."

Bí wọ́n ṣe ránṣẹ́ pè mí láti Ìjẹ̀bú-Òde nìyẹn, torí iṣẹ́ maikirosíkóòpù ni mo ń jẹ. Mo kọ ohun tí a rí sílẹ̀ nítorí àwọn mìíràn tó ń fi sláìdì ránṣẹ́ sókè òkun. Àwòrán tó rẹwà máa ń tan ènìyàn ju èyí tó bàjẹ́ lọ.

Kí ni wọ́n tilẹ̀ ń wá tó fi di dandan kí sláìdì wọ ọkọ̀ òfuurufú? Sẹ́ẹ̀lì pupa kan fẹ̀ tó maikirómítà 7 sí 8. Lábẹ́ awọ rẹ̀ ni àwọ̀n púrótéènì tó ń jẹ́ spectrin wà, òun ni kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ya nígbà tó bá ń fún ara rẹ̀ gba inú iṣan tóóró kọjá. Láti oríta kan sí òmíràn nínú àwọ̀n yìí kò ju nǹkan bíi nánómítà 80 lọ (ẹgbẹ̀rún nánómítà ló wà nínú maikirómítà kan). Maikirosíkóòpù onílẹ́ńsì lásán kò sì lè ya ohun méjì sọ́tọ̀ bí àlàfo wọn kò bá tó nánómítà 200. Ernst Abbe ti ṣàlàyé ìdí rẹ̀ ní Jena láti 1873: bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rìn ló fà á, kò sí bí a ṣe lè yọ́ gíláàsì lẹ́ńsì tó tí yóò borí rẹ̀.

Ọgbọ́n la fi yí i po. Stefan Hell dá ọ̀nà kan lábàá ní 1994. Ní 2006, Eric Betzig àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Samuel Hess ní Maine, àti Xiaowei Zhuang ní Harvard, mú ọ̀nà mìíràn jáde nínú ọdún kan náà. Betzig àti Hell pẹ̀lú William Moerner ló gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì ní 2014. Ọ̀nà ti 2006 ni àwọn ará Jámánì wa ń lò. Bí ẹ bá dúró lókèèrè lálẹ́, tí gbogbo rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan ní Ojúde Ọba bá tan tọ́ọ̀ṣì wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ìmọ́lẹ̀ gbàgàdà kan ṣoṣo lẹ máa rí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń tàn án lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ẹ sì ń sàmì sí àárín ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí bébà, bó pẹ́ bó yá, ẹ ó mọ ibi tí olúkúlùkù dúró sí. Aró tí a fi kun púrótéènì ló di tọ́ọ̀ṣì níbí: a máa fi lésà àti kẹ́míkà mú un kó máa ṣẹ́jú, díẹ̀díẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán, kọ̀ǹpútà á sì to gbogbo àmì náà pọ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí nìyí. Ìmọ́lẹ̀ ẹyọ aró kan fẹ̀ tó nánómítà 250 lójú kámẹ́rà, àárín rẹ̀ la sì ń wá. Bí aró náà bá ṣe tu fótọ́ọ̀nù, ìyẹn ẹyọ ìmọ́lẹ̀, jáde tó, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń mọ àárín yẹn sí, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́fẹ̀ẹ́: fótọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin kí àṣìṣe tó lè dín kù sí ìdajì. Aró tó tu 100 jáde nígbà tó tàn lẹ́ẹ̀kan á fi àṣìṣe bíi nánómítà 10 sílẹ̀. Èyí tó tu 5,000 lè mú un wá sí bíi 2, bí ìmọ́lẹ̀ àyíká kò bá dí i lọ́wọ́. Ẹ̀rọ kan náà ni, kámẹ́rà kan náà ni. Àwọn èèyàn máa ń fi owó ẹ̀rọ yangàn. Èmi, aró tí wọ́n lò ni mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè.

Ohun tó wà lórí sláìdì ọmọ yìí ni antibọ́dì (púrótéènì tó ń wá ohun kan pàtó dì mú) tó ń mú spectrin, èyí tí wọ́n rí lára eku, àti antibọ́dì kejì láti ara ewúrẹ́, tó ń mú ti eku. Ti ewúrẹ́ yìí ló gbé aró Alexa Fluor 555 lẹ́yìn. Lábù tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí kò wọ́pọ̀. Ó yan aró náà nítorí pé fílítà tó wà lórí maikirosíkóòpù tiwọn ní Rẹ́mọ lè fi í hàn, kó lè rí i pé kíkùn náà mú kó tó fi ránṣẹ́. Ìdí tó dára ni. Ṣùgbọ́n antibọ́dì kan wúwo tó 150 kDa (ìwọ̀n tí a fi ń sọ bí púrótéènì ṣe wúwo tó), ó sì gùn ju nánómítà 10 lọ. Tí méjì bá gun ara wọn lórí, aró ti jìnnà sí spectrin tó 15 sí 20 kí ẹnikẹ́ni tó tan lésà. Àwọn tó ń wo microtubule mọ èyí dáadáa: ọ̀pá tó nípọn nánómítà 25, bí wọ́n bá fi antibọ́dì méjì kùn ún, á di bíi 60 lójú àwòrán. Ẹ wá gbé irú àfikún bẹ́ẹ̀ lé orí àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kò ju 80 lọ.

Ìyẹn nìkan kọ́. Antibọ́dì ewúrẹ́ kì í dá lọ. Mélòó kan lè so mọ́ ti eku kan ṣoṣo, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ru aró púpọ̀. Aró kan náà lè tàn, kó kú, kó tún tàn, kọ̀ǹpútà á sì kà á bí ẹni tuntun nígbà kọ̀ọ̀kan. Spectrin kan ṣoṣo á wá di ọ̀wọ́ àmì tó rọ̀gbà ká ara wọn. Alexa Fluor 555 fúnra rẹ̀ kò mọ bí a ṣe ń ṣẹ́jú dáadáa.  Yàtọ̀ sí èyí, nǹkan bíi nánómítà 555 ló ti ń gba ìmọ́lẹ̀, hẹmọglóbìn sì ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì gan-an ní 540 àti 577. Wọ́n ti fi omi tí iyọ̀ rẹ̀ kéré fọ hẹmọglóbìn jáde kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ara awọ sẹ́ẹ̀lì SS ni ìyókù rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ jù.

Ẹ̀sùn kan tún wà tí n kì í fojú kéré. Formaldehyde nìkan ni wọ́n fi mú sẹ́ẹ̀lì náà dúró. Àwọn onímọ̀ kan ní Japan fi hàn ní 2010 pé àwọn púrótéènì ara awọ ṣì lè máa rìn lẹ́yìn tí a ti fi formaldehyde mú wọn, àwa sì rò pé wọ́n ti dúró sójú kan. Antibọ́dì ní apá méjì. Ó lè fi apá kan di ọ̀kan mú, kó fi apá kejì fa aládùúgbò rẹ̀ mọ́ra. Ẹni tó wá wo kókó, tó sì ń fi irinṣẹ́ tó ń dá kókó sílẹ̀ wò ó, á rí kókó dandan.

Gbogbo ìwọ̀nyí ló kan AA àti SS, wọ́n sì tó láti sọ pé ká má gbẹ́kẹ̀ lé àwòrán méjèèjì. Wọn kò tíì sọ ìdí tí SS nìkan fi ta kókó ńlá bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Jámánì kọ́kọ́ yọ ẹ̀rọ tiwọn kúrò nínú ẹjọ́. Wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti sàmì sí NUP96 nínú rẹ̀, púrótéènì kan tó wà lára àwọn ihò awọ nucleus, ìyẹn ọkàn sẹ́ẹ̀lì. Ihò kọ̀ọ̀kan ní igun 8, òbìrí rẹ̀ sì fẹ̀ tó nánómítà 107, nítorí náà ẹ̀rọ tó bá fi igun náà hàn kedere kò lẹ́ṣẹ̀. Ó fi wọ́n hàn. Ọ̀rọ̀ wá padà sí Rẹ́mọ.

Àyẹ̀wò tó tú àṣírí rọrùn débi pé ojú ń ti ọmọ náà. Túùbù antibọ́dì ewúrẹ́ méjì ló wà: èyí tó wà ní lábù, òun ni wọ́n fi kun AA, àti èyí tí wọ́n ń lò ní ọjọ́ kílíníìkì, òun ni wọ́n fi kun SS. Ọjà kan náà ni, nọ́ńbà tó wà lára wọn kan náà. A mú ẹ̀jẹ̀ AA kan, a pín in sí mẹ́rin. Méjì gba antibọ́dì eku, lẹ́yìn náà ti ewúrẹ́ láti inú túùbù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Méjì tó kù kò gba ti eku rárá, ti ewúrẹ́ nìkan, túùbù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú méjì ìkẹyìn yìí, kò sí ohun tó yẹ kí aró mú. Kò yẹ kí nǹkan kan tàn.

A kò nílò Jámánì fún èyí. Maikirosíkóòpù lásán kò lè sọ bí kókó ṣe tóbi tó, ṣùgbọ́n á fi í hàn bí àmì tó ń tàn. Ibi tí túùbù kílíníìkì dé ni kókó dé, ì báà sí antibọ́dì eku níbẹ̀ tàbí kó máà sí. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí jẹ́nótáìpù rẹ̀ jẹ́ AA, tí kò mọ ìrora àrùn náà rí, ta kókó bí ti SS. Ibi tí túùbù lábù dé mọ́ tónítóní.

Ìtàn túùbù kò pẹ́ kí ó tó yé wa. Ìwé tó bá antibọ́dì wá sọ pé kí a tọ́jú rẹ̀ sínú fíríìjì láàárín ìwọ̀n ooru 2 sí 8, kí a má dì í. Àwọn tó ń bá wọn tọ́jú èyí tó wà ní kílíníìkì rò pé ohun olówó iyebíye gbọ́dọ̀ tutù bíi yìnyín, wọ́n kó o sí fírísà. Iná lọ, ó yọ́. Iná dé, ó dì. Púrótéènì tó ń dì tó ń yọ́ lemọ́lemọ́ máa ń ṣù mọ́ ara rẹ̀, òkìtì antibọ́dì tó ru aró sì ni wọ́n ń dà lé sẹ́ẹ̀lì lórí. Àkópọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ di èyí tí wọ́n fà ya.

Àtúnṣe ló gba àkókò, torí jíju túùbù nù nìkan kò ní sọ aró burúkú di rere. Ọ̀kan lára àwọn ará Jámánì bèèrè pé kí ló dé tí a kò lo HaloTag. Ìbéèrè ẹni tó ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì nínú àwo ni. Ọ̀nà náà dára gan-an: ènìyàn á so HaloTag tàbí SNAP-tag mọ́ jíìnì púrótéènì tó fẹ́, sẹ́ẹ̀lì á fúnra rẹ̀ ṣe é, aró kékeré á sì wọlé lọ so mọ́ ọn. Nǹkan tó tíì dára jù fún sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè wà níbẹ̀: silicon rhodamine tí ẹgbẹ́ Kai Johnsson gbé jáde ní 2013, àti àwọn aró Janelia Fluor ti Luke Lavis ní 2015, tí ìyípadà kékeré kan lára rhodamine, òrùka azetidine dípò dimethylamino, sọ di èyí tó túbọ̀ mọ́lẹ̀ tó sì ń pẹ́. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì pupa tó ti gbó kò ní nucleus, kò sì lè ṣe púrótéènì tuntun kankan. Kò sí jíìnì tí ẹ fẹ́ so nǹkan mọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó ti apá aláìsàn jáde, bó ṣe wà lẹ máa bá a; láti òde ni aró gbọ́dọ̀ ti wọlé.

A yí sí nánóbọ́dì. Lára ràkúnmí àti àwọn ìbátan rẹ̀ ni wọ́n ti rí i. Àwọn onímọ̀ ní Brussels ló kéde irú antibọ́dì wọn ní 1993, tí apá tó ń dì mú nínú rẹ̀ lè dá dúró fúnra rẹ̀. Ó wúwo tó 15 kDa péré, ìdá kan nínú mẹ́wàá antibọ́dì, kò sì gùn ju nánómítà 4 lọ. Apá kan ṣoṣo ló ní, kò lè fa aládùúgbò mọ́ra. Láti 2018 ni àwọn ará Göttingen ti gbé nánóbọ́dì tó ń mú antibọ́dì eku jáde, nítorí náà a kò ju antibọ́dì spectrin tí ọmọ náà ti fowó rà nù. Ti ewúrẹ́ nìkan la lé lọ. Ojú kan pàtó lára nánóbọ́dì ni aró máa ń wà, a sì mọ iye rẹ̀, ẹyọ kan tàbí méjì. A máa ń po òun àti antibọ́dì eku pọ̀ nínú túùbù kan kí wọ́n tó kan sẹ́ẹ̀lì, ìgbésẹ̀ kan sì dín kù. Antibọ́dì eku ṣì ga bó ṣe ga, mi ò ní parọ́. Ìdajì ilé alájà méjì la wó.

Fún aró, Alexa Fluor 647 la mú. Ó ń gba ìmọ́lẹ̀ pupa, níbi tí hẹmọglóbìn kò ti fi bẹ́ẹ̀ gbé e mì mọ́, ó sì ń tu ẹgbẹẹgbẹ̀rún fótọ́ọ̀nù jáde nígbà tó bá tàn lẹ́ẹ̀kan. Wàhálà tó bá a rìn ni pé ojú ènìyàn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ìmọ́lẹ̀ tó wà ní nánómítà 670, kámẹ́rà aláwọ̀ orí maikirosíkóòpù wọn sì ní gíláàsì tó ń dí irú rẹ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ọmọ náà gbà pé kíkùn ò mú rárá, ó ti fẹ́ da gbogbo rẹ̀ nù. Àwọn ará Jámánì fi fílítà kan tí wọn kò lò mọ́ ránṣẹ́, a wá kámẹ́rà aláwọ̀-dúdú-àti-funfun, ọ̀rọ̀ sì yanjú.

Láti lè ṣẹ́jú, aró yìí nílò omi tí kò ní ọ́síjìn, tó sì ní kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní thiol nínú. Ẹ́ńsáímù kan, glucose oxidase, ló ń jẹ ọ́síjìn náà, ó sì ń sọ ṣúgà di ásíìdì bó ti ń jẹ ẹ́, nítorí náà omi náà máa ń kan láàárín wákàtí díẹ̀. Kò sí bí ó ṣe máa ti Rẹ́mọ lọ. Jámánì ni wọ́n ti máa ń pò ó láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ yà á. Wọ́n dábàá DNA-PAINT fún wa pẹ̀lú, níbi tí okùn DNA kúkúrú tó ru aró ti ń wá so, tó sì ń tú lọ, tí òmíràn sì ń rọ́pò rẹ̀, tí kíkú aró kò fi jẹ́ nǹkan bàbàrà mọ́. Ó wù mí. Ó lọ́ra ni, àkókò tí wọ́n fún wa lórí ẹ̀rọ kò sì tó.

Ìyókù jẹ́ ìmọ́tótó. Glutaraldehyde díẹ̀ wọ inú formaldehyde, kí spectrin má baà rìn. Òun fúnra rẹ̀ máa ń tàn, nítorí náà a fi sodium borohydride pa ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Aró wọ inú túùbù kéékèèké, ti ìlò ẹ̀ẹ̀kan, kò sì sí fírísà mọ́. Kí wọ́n tó lò ó, a máa yí i nínú sẹ́ẹ̀tírífújì kíkankíkan, èyí tó bá ṣù á lọ sí ìsàlẹ̀, omi òkè la ó mú. Èyí tí mo sì fi ẹsẹ̀ rinlẹ̀ lé lórí jù: AA àti SS gbọ́dọ̀ jẹ́ ọjọ́ kan náà, láti inú túùbù kan náà, pẹ̀lú sláìdì kan tí kò gba antibọ́dì eku nínú ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ń fi nọ́ńbà bo orúkọ wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ lábù ń wá fún ẹ̀jẹ̀ ní ọjọ́ kílíníìkì báyìí, wọ́n sì ń ráhùn.

Nígbà tí àwòrán tuntun dé, kókó ti lọ. Nínú SS, nínú AA, kò sí. Àwọ̀n ló kù, ó sì tún tẹ́ dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí a tó lè gba ojú àwọ̀n tó jẹ́ 80 gbọ́, àmì gbọ́dọ̀ wà ní gbogbo nánómítà 40 ó kéré tán, a sì rí ibi tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ àti ibi tí kò pọ̀ tó. Èyí tí kò pọ̀ tó kò wọ inú ìṣirò. Ọmọ náà bi mí bóyá AA àti SS yàtọ̀ síra. Mo ní kó jẹ́ kí ọ̀gá tú nọ́ńbà lẹ́yìn tí ìdìpọ̀ tó kù bá dé.

Nǹkan kan wà tí wọ́n lè ṣe ní Rẹ́mọ pátápátá, tí wọ́n fẹ́ gbìyànjú: kí sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ tóbi sí i. Ẹgbẹ́ Ed Boyden ní MIT gbé e jáde ní 2015. Wọ́n á fi jẹ́ẹ̀lì sodium acrylate, ìbátan ohun tó ń fa omi nínú páḿpàsì ọmọdé, yí sẹ́ẹ̀lì ká, wọ́n á da omi sí i, gbogbo rẹ̀ á wú tó ìlọ́po 4.5. Ohun tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ 80 á di 360, maikirosíkóòpù lásán á sì rí i. Ṣùgbọ́n kẹ́míkà tó ń mú jẹ́ẹ̀lì náà dì máa ń pa àwọn aró bíi Alexa Fluor 647. Aró tó ṣe wá lóore ní Jámánì kò wúlò níbí rárá; ATTO 647N ló máa ń là á já, òun ni wọ́n sì ti kọ sínú fọ́ọ̀mù. Akáwó ti dá fọ́ọ̀mù náà padà lẹ́ẹ̀kan, ó ní òun ò rí ìdí tí lábù kan fi ní láti ra aró pupa méjì tí ojú kò tilẹ̀ rí. Bó bá fọwọ́ sí i, sẹ́ẹ̀lì kan náà ni wọ́n máa kọ́kọ́ wọ̀n ṣáájú wíwú àti lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó fẹ̀ maikirómítà 8 gbọ́dọ̀ di bíi 36. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wo àwọ̀n inú rẹ̀.